Ẹ má gbá ẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ mọ́lẹ̀ fún ẹ́mpílífáyà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mò ń kọ́lé ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ìpìlẹ̀ la ṣì wà. Mo ya yàrá kan sọ́tọ̀ tí màá ti máa gbọ́ orin, ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, 12 ní fífẹ̀. Oníṣẹ́ iná mi ní kí n gbá irin ẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ mọ́lẹ̀ fún ẹ́mpílífáyà, kí a má so ó mọ́ ti ilé, kí sípíkà má baà máa kùn. Ó ní bí owó kò bá tó, kí n tú wáyà ẹ́ẹ̀tì kúrò nínú púlọ́ọ̀gì. Ó tún ní kí n fi kíréètì ẹyin bo ògiri kí aládùúgbò má baà gbọ́ ariwo. Irú wáyà wo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ilé o, a ó bá yín jẹ ìṣílé. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ wáyà sílẹ̀ ná. Ìmọ̀ràn ẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbà yín yẹn lè pa ènìyàn, mo sì ti gbọ́ irú rẹ̀ ní Adó àti Ìkẹ́rẹ́ débi pé ó ń bí mi nínú.

Ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tó so irin ara ẹ̀rọ mọ́ ilẹ̀, kò sí fún kí orin lè dùn. Bí wáyà iná bá já nínú ẹ́mpílífáyà, tó fara kan irin ara rẹ̀, ẹ́ẹ̀tì ló ń fún iná náà ní ọ̀nà tí yóò gbà lọ, kí fíúùsì lè já lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá tú u, ọmọ tó bá fọwọ́ kan ẹ́mpílífáyà láìwọ bàtà ni iná yóò gbà kọjá.

Irin ọ̀tọ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ àpáta ni Ìkẹ́rẹ́, ẹ̀yin náà ń wo òkè àpáta Olósùnta lójoojúmọ́. Iná kì í rọrùn láti wọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí gbogbo ilẹ̀ bá gbẹ. Ohm ni a fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dá iná dúró, ampere ni a fi ń wọn iye iná tó ń ṣàn. Ká tiẹ̀ ní irin yín dára, tó jẹ́ ohm 20. Fólítì 230 ni iná wa. Ẹ fi 20 pín in: ampere 11.5 ni yóò ṣàn. Fíúùsì púlọ́ọ̀gì yín, ampere 13 ni. Kò ní já! Iná á wà lára ẹ́mpílífáyà títí ẹnìkan yóò fi kàn án. Bí irin náà bá wá jẹ́ ohm 100, ampere 2.3 péré ni, fíúùsì ò tilẹ̀ ní gbóná.

Ìṣirò yìí kan ẹ́ẹ̀tì ilé náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ ra bírékà tó ń ṣọ́ iná tó bá jò, RCD ni wọ́n ń pè é lọ́jà, ti milliampere 30. Bí iná díẹ̀ bá ti ṣìnà báyìí, òun ti paná. Gbogbo irin ẹ́ẹ̀tì tó bá wà nínú ọgbà, kí wọ́n so wọ́n pọ̀ sójú kan. Bí méjì bá dá dúró tí àrá sán nítòsí, fólítì ńlá lè wà láàárín wọn, inú àwọn ẹ̀rọ yín ni yóò sì gbà kọjá.

Kíkùn tí wọ́n ní ẹ fẹ́ wò yẹn gan-an, irin ọ̀tọ̀ lè dá a sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ méjì tí wáyà orin so pọ̀ bá gba ẹ́ẹ̀tì níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, iná kékeré á máa gba wáyà orin náà kọjá láti ọ̀kan sí èkejì, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí iná NEPA ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Òun lẹ ń gbọ́. Ẹ yọ àwọn wáyà orin lẹ́yìn ẹ́mpílífáyà lọ́kọ̀ọ̀kan; èyí tí ẹ yọ tí kíkùn fi dákẹ́, òun ni. Dẹkódà tó ní wáyà díìṣì ló sábà máa ń jẹ́, tàbí láptọ́ọ̀pù tó wà lórí ṣájà. Ẹ kó gbogbo wọn sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ojú kan náà. Bí kò bá tán, tiráńsífọ́mà kékeré kan wà tí wọ́n ń fi sáàárín wáyà orin. Bó bá jẹ́ orí ìnfátà nìkan ló ti ń kùn, ẹ wo ìnfátà yín. Pure sine wave ni kí ẹ rà, èyí tí iná rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ geere bíi ti NEPA.

Wáyà tí ẹ wá bèèrè: 2.5 mm², kọ́pà gidi, kó ti bọ́ọ̀dù wá tààrà lórí bírékà ampere 20, kí fíríìjì àti pọ́ńpù omi má bá a pín in. Kí wáyà sípíkà gba páìpù tirẹ̀, kó jìnnà sí ti iná tó ẹsẹ̀ bàtà kan.

Kíréètì ẹyin kò dí ohùn, ó fúyẹ́ jù, ó sì tètè ń gbiná. Ohun tó wúwo ló ń dí ohùn. Ohùn dà bí omi, ibi tó bá ríhò ló ń gbà: abẹ́ ìlẹ̀kùn, etí fèrèsé, òkè àjà tí ògiri kò dé. Kí bíríkìlà kọ́ ògiri yàrá náà dé abẹ́ páànù, kó fi kọnkéré dí inú búlọ́ọ̀kù.

Ẹ jọ̀ọ́, 12 ní 12 yẹn, ẹ yí i padà nígbà tó ṣì rọrùn. Nínú yàrá tí òró àti ìbú rẹ̀ bá dọ́gba, ohùn ìsàlẹ̀ kan náà, bíi Hertz 47 (ìgbà 47 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), á máa ti ògiri bọ́ sí ògiri níhà méjèèjì. Á dún bọ̀ọ̀m létí ògiri, á sì pòórá láàárín yàrá níbi tí ẹ jókòó sí. Ẹ jẹ́ kí ìhà kan di 15, kí àjà wà ní 10. Rọ́ọ̀gì àti kọ́tìnnì tó nípọn á ṣe ìyókù.

Mi ò rí ilé yín, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi dáwọ́ lé iṣẹ́ iná fúnra yín. Ẹ wá oníṣẹ́ iná tó ní ìwé-ẹ̀rí NEMSA, àjọ ìjọba tó ń ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ iná, kó mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ́ẹ̀tì dání, kí ẹ sì fojú ara yín rí iye tó gbé jáde. Èyí tó ní kí ẹ tú ẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ san owó iṣẹ́ tó ti ṣe fún un, kó máa lọ.