Ìbòmú nínú sáfù, àti bàbá arúgbó tó fẹ́ lọ Jímọ́ọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ààfáà wa, àsàlámù àlékùm. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níhìn-ín, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni mò ń gbé, aṣọ ni mo sì ń tà ní ọjà Wàǹdó. Nísinsìnyí tí ìjọba ti tú òfin kòrónà sílẹ̀, mo ṣì ń bo imú mi nínú sáfù, ìyẹn ìlà tí a ń tò láti kírun, n kì í sì í bọ ènìyàn lọ́wọ́ lẹ́yìn ìrun. Ọ̀kan nínú àwọn ará sọ lójú gbogbo jámáà pé ẹni tó bá gbára lé Ọlọ́hun kì í bẹ̀rù àìsàn. Bàbá mi, tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, tó sì ní ìtọ̀ ṣúgà, ń gbé lọ́dọ̀ mi; ó ti takú pé òun gbọ́dọ̀ padà sí ìrun Jímọ́ọ̀. Ǹjẹ́ ohun tí mò ń ṣe tọ̀nà? Ṣé mo lè dá bàbá mi dúró sílé?

ÌDÁHÙN: Wa àlékùmù sàlámù. Nígbà tí òfin dè wá, ọ̀rọ̀ yìí rọrùn: ní òpin oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba pààlà yí Kùtọnu, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú kan ká, a sì ti ilẹ̀kùn mọ́sáláṣí, kò sí ẹni tó ní ohun tí yóò yàn fún ara rẹ̀. Òní gan-an ló wá ṣòro, nítorí pé olúkúlùkù ló ń dá ẹjọ́ ara rẹ̀, ìdájọ́ ẹnìkan kò sì ní bá ti ẹnìkejì mu nígbà gbogbo.

Ọ̀rọ̀ tí ará wa sọ sí yín ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí pé ó wúwo, kò sì tọ́. Nígbà tí Úmárù, arólé Ànábì kejì, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, ìyẹn agbègbè Síríà, tó sì dé ibi tí wọ́n ń pè ní Sárígì, àwọn olórí ogun wá sọ fún un pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níwájú. Ó pe àwọn Mùhájírúnà tó ṣí láti Mẹ́kà, ó pe àwọn Ànsórì tó gbà wọ́n sí Mẹ̀dínà, ohùn wọn kò ṣọ̀kan. Ó wá pe àwọn àgbà Kùráéṣì, àwọn sì ní kí ó kó àwọn ènìyàn padà. Abú Ubáídà, olórí ogun ní Ṣáámù, bi í pé, ṣé kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún ni? Úmárù ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ń sá kúrò nínú kádàrá Ọlọ́hun bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun, ó sì bi í pé bí ó bá kó ràkúnmí rẹ̀ dé àfonífojì tí apá kan tutù tí apá kejì gbẹ, èwo ni yóò dà wọ́n sí tí kò ní jẹ́ pé kádàrá Ọlọ́hun ló fi ń dà wọ́n? Lẹ́yìn náà ni Abdur-Rahman ọmọ Áwùfù dé, tó sọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pé bí a bá gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn wà ní ìlú kan, kí a má wọ ibẹ̀, bí ó bá sì bá wa níbẹ̀, kí a má sá jáde. Bukhari àti Muslim, àwọn tó kó hàdíìsì jọ, ló gba ìtàn yìí wá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Úmárù padà sí Mẹ̀dínà. Abú Ubáídà wà ní Ṣáámù pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, àjàkálẹ̀ àrùn Ámúwásì sì pa á ní ọdún 18 lẹ́yìn Híjírà. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn mẹ́wàá tí Ànábì fún ní ìró ìdùnnú alùjánńà. Ẹni tó bá wá rí ìbòmú lójú arákùnrin rẹ̀, tó fi ń wọn ìgbàgbọ́ rẹ̀, ti dá ẹjọ́ ohun tí Ọlọ́hun nìkan ló rí, bẹ́ẹ̀ sì ni kò yẹ kí ẹ̀yin náà fojú aláìbìkítà wo ẹni tó ti bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Bíbo imú àti ẹnu nínú ìrun jẹ́ mákúrúù, ohun tí a kò fẹ́, ṣùgbọ́n kò sí àléébù mọ́ níbi tí ìdí bá wà. Iwájú orí ló pọn dandan kí ó kan ilẹ̀ lọ́nà Imaamu Malik tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀lé, aṣọ tó wà láàárín imú àti ẹní kò ba ìrun jẹ́. Ní Mẹ́kà pàápàá, ní 17 oṣù kẹwàá ọdún 2021 tí wọ́n yọ àmì àlàfo tó ń jẹ́ kí olùjọ́sìn jìnnà síra kúrò nílẹ̀ Mọ́sáláṣí Hárámù, wọ́n ṣì ní kí àwọn olùjọ́sìn bo imú wọn. Ní ti bíbọwọ́, ara ìrun kọ́; ìdáhùn sàláàmù ló di dandan, ẹnu ni a sì fi ń dá a. Ẹ gbé ọwọ́ lé àyà, kí ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, kí inú ẹnikẹ́ni má baà bàjẹ́. Sáfù ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ padà dí. Ẹni tí ara rẹ̀ kò le, kí ó dúró ní ìpẹ̀kun sáfù, lẹ́bàá fèrèsé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ bàbá yín. Ẹ ń bẹ̀rù Jímọ́ọ̀ tí kò ju wákàtí kan lọ, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ẹ ń ti Wàǹdó dé, níbi tí oníbàárà ti ń na aṣọ sójú kí ó tó ná an, tí ẹnìkan ń gbà á lọ́wọ́ ẹnìkan, ẹ ó sì gun zémíjàn, ọ̀kadà, wálé, kí ẹ jókòó ti bàbá nídìí abọ́ kan náà. Ànábì ní kí a má ṣe ara wa ní ìpalára, kí a má sì ṣe é fún ẹlòmíràn. Ewu tí ẹ bá gbé ka ara yín wà lọ́wọ́ yín dé ààyè kan. Èyí tí ẹ bá gbé wọ yàrá bàbá kò sí lọ́wọ́ yín rárá. Kí ẹ tó kí i nírọ̀lẹ́, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ pààrọ̀ aṣọ ọjà, kí abọ́ rẹ̀ àti bùtá àlùwàlá rẹ̀ sì yàtọ̀. Lọ́jọ́ tí ikọ́ bá ń ṣe yín tàbí tí ara yín gbóná, ẹ má lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ má sì wá sí mọ́sáláṣí, nítorí pé bí Ànábì bá lè ní kí ẹni tó jẹ ayù tàbí àlùbọ́sà tútù jìnnà sí mọ́sáláṣí nítorí òórùn lásán, ti ẹni tó ń wúkọ́ àìsàn tó ń ràn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ kò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọpọlọ rẹ̀ pé, ìyọ̀ǹda tí Ọlọ́hun fún aláìlera láti jókòó sílé sì jẹ́ tirẹ̀, òun ló ni kí ó gbà á tàbí kí ó fi í sílẹ̀. Ẹ bẹ̀ ẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, ẹ wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó bá a sọ ọ́, kí ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó mọ ara rẹ̀, kí ó sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára bí kò bá tíì gbà á. Ẹ rán an létí pé Ànábì sọ pé bí ẹrúsìn bá ń ṣàìsàn tàbí tó wà nírìn-àjò, a óò kọ fún un irú iṣẹ́ tó máa ń ṣe nígbà tí ara rẹ̀ le. Bí ó bá ṣì fẹ́ lọ lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ gbé e lọ fúnra yín, kí ó bo imú rẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ ẹní rẹ̀ síta, níbi tí sáfù dé ojúde, tí atẹ́gùn ń fẹ́, tí ó sì ń gbọ́ kùtùbá, ìwàásù Jímọ́ọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tí ara rẹ̀ kò bá yá, ràká mẹ́rin ìrun Àìlà, ìrun ọ̀sán, ni kí ó kí nílé. Bí ó bá nílò ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí kò sì sí ẹlòmíràn, Jímọ́ọ̀ ti kúrò lọ́rùn ẹ̀yin náà, ẹ kí ti yín pẹ̀lú rẹ̀ nílé. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.