Páásípọ́ọ̀tù àti aṣọ gbígbẹ kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ

Àbúrò mi, o ní o fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ rẹ láti Sùúrùlérè lọ ṣe họ́lídè ní Holland lóṣù kẹsàn-án, pé Harwich ní England lo ti máa wọ fẹ́rì lọ sí Hoek van Holland. O wá ń béèrè bóyá ti ọ̀sán ni kó o gbà àbí ti òru, nítorí òjò. Màá dé ibẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tójú mi rí nígbà témi ń sọdá láti England lọ sí France, ní èbúté mìíràn. Òjò tó ò ń bẹ̀rù yẹn, kì í ṣe orí òkun ló ti ń fìyà jẹ èèyàn.

Ti dídi kẹ̀kẹ́ sínú páálí fún bàálù, ìwọ náà mọ̀ ọ́n: yọ pẹ́dà, yí ọwọ́ rẹ̀, jò táyà díẹ̀.

Èbúté gan-an ni wàhálà. Fẹ́rì ibẹ̀ kò jọ bóòtì tí à ń wọ̀ ní Ìpakodò. Tírélà ń wọ inú rẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ kì í bá ẹlẹ́sẹ̀ gba inú ilé. Àárín mọ́tò ni wọ́n máa tò ẹ́ sí, níta gbangba, láìsí òrùlé. Àwọn onímọ́tò ti gbé gíláàsì wọn sókè, ìwọ lòjò ń pa.

Ibẹ̀ ni aṣọ́bodè kan ti gba páásípọ́ọ̀tù mi. Àwọn òyìnbó oníkẹ̀kẹ́ tó wà níwájú mi, ó kàn wo fọ́tò wọn ni, ó ní kí wọ́n máa lọ. Bó ṣe rí tèmi aláwọ̀ ewé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i lójú ewé kọ̀ọ̀kan lábẹ́ òjò, tòun ti ìbọ̀wọ́ tó ti rin gbingbin. Mò ń wo omi tó ń kán láti etí fìlà rẹ̀ sórí òǹtẹ̀ tí wọ́n lù fún mi ní pápákọ̀ òfurufú. Yíǹkì rẹ̀ tú, ó ràn, déètì di àbàwọ́n lásán. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bọ́ sábẹ́ ilé." Ó ní kí n dúró síbi tí mo wà, kí n tú gbogbo ẹrù mi. Mo tú u, òjò rọ̀ sí i. Nígbà tí mò ń padà bọ̀, ẹlòmíràn tún bi mí pé kí ló dé tí òǹtẹ̀ mi ò ṣeé kà, bíi pé èmi ni mo da omi sí i! Títí dòní, inú ṣì ń bí mi.

Ìgbà tó fi mí sílẹ̀, ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra. Àwọn òṣìṣẹ́ ń jágbe kíá, kíá. Wọ́n gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n lé mi gun àtẹ̀gùn, wọ́n sì tilẹ̀kùn. Bí ọkọ̀ bá ti gbéra, kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kó o padà sísàlẹ̀ níbi tí mọ́tò wà, ó di ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gúnlẹ̀. Aṣọ gbígbẹ mi wà nísàlẹ̀ lára kẹ̀kẹ́. Èmi wà lókè, ṣòkòtò lẹ̀ mọ́ mi lára, ẹ́sì ń fẹ́, mò ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. Mo bẹ àwọn tó wà ní káńtà, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ń ta aṣọ. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ló ṣàánú mi, ó fún mi ní táwẹ̀lì. Òjò Èkó, bó ti wù kó pọ̀ tó, bó bá dá, ara á gbẹ. Tọ̀hún ń wọ egungun ni. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ họ́lídè mi, pẹ̀lú ibà.

Nítorí náà, lọ ra ọ̀rá tó nípọn ní Ìdúmọ̀tà. Fi páásípọ́ọ̀tù sínú ọ̀rá, fi ọ̀rá yẹn sínú òmíràn, so ó kọ́rùn sábẹ́ aṣọ. Ya fọ́tò físà àti òǹtẹ̀ sórí fóònù. Aṣọ kan lódindi, ìbọ̀sẹ̀ àti oògùn gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì ẹ̀yìn rẹ. Bí òǹtajà bá ní báàgì òun kì í gba omi, má gbà á gbọ́. Fi ọ̀rá sínú rẹ̀. Kó o tún gba rọ́bà túùbù lọ́wọ́ fọkanáísà, irú èyí tí àwọn ọlọ́kadà fi ń di ẹrù. Fi ọ̀kan fún bíréèkì iwájú pọ̀ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kí táyà má bàa yí, fi ìyókù so ó mọ́ irin ọkọ̀. Má gun kẹ̀kẹ́ wọlé o, irin ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀. Tì í ni.

Má sì dá àwọn ajẹ́ńtì físà lóhùn, àwọn tó ń sọ pé físà orílẹ̀-èdè Schengen (ìyẹn àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tí físà kan náà wọ gbogbo wọn, Holland wà lára wọn) yòówù tó bá tètè jáde ni kó o gbà. Ibi tó o ti máa pẹ́ jù ni wọ́n ń fẹ́ kó o ti gbà á. Bó bá jẹ́ London lo ti máa wọ bàálù wálé, rí i pé físà England rẹ máa jẹ́ kó o padà wọlé. Apá òsì ni wọ́n ń gbà ní England; ní Holland, apá ọ̀tún bíi tiwa.

Ọ̀sán àbí òru? Òru ni. Dandan ni kéèyàn gba yàrá lóru, ìyẹn ni pé wàá rí bẹ́ẹ̀dì, omi gbígbóná àti ibi tó o máa sá aṣọ sí. Àárọ̀ lo máa gúnlẹ̀. Tọ̀sán ń gbà tó wákàtí 7, ìrọ̀lẹ́ ló ń débẹ̀. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ò jìnnà sébùúté rárá. Tẹ̀ lé etí òkun sápá àríwá, wàá dé Den Haag. Bí òjò bá le jù, mẹ́tírò, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin ìgboro, wà láti Hoek van Holland dé Rotterdam. Wọ́n ń gba kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, àfi lásìkò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ síbi iṣẹ́ tàbí tí wọ́n ń dari bọ̀. Bó o bá ti rí físà gbà, wá bá mi ní Yábàá, kí n fi bí wọ́n ṣe ń so rọ́bà bíréèkì yẹn hàn ẹ́.