Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Péálì Tí Wọ́n Fẹ́ Tà fún Yín, Irú Èwo Ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Wọn yóò so yìgì ọmọbìnrin mi lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀, mo sì fẹ́ ra ẹ̀gbà ọrùn péálì fún un. Obìnrin kan tó máa ń kó ọjà láti Dubai mú oríṣi méjì wá. Hóró ọ̀kan tóbi, ó rí rogodo, gbogbo rẹ̀ dọ́gba, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Hóró èkejì kéré, kò rí rogodo tán, síbẹ̀ owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́. Ó ní gidi ni méjèèjì. Èwo ni kí n mú? (Ìyá Ìyàwó, Adéwọlé, Ìlọrin)

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire, ẹ kú ìnáwó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì sanwó fún èyí tó tóbi yẹn. Nínú péálì gidi, hóró ńlá tó rí rogodo, tó sì bá àwọn yòókù mu láìyẹsẹ̀, ló wọ́n jù, nítorí pé wọ́n ní láti ṣa ọ̀pọ̀lọpọ̀ hóró kí wọ́n tó rí èyí tí yóò kún okùn kan ṣoṣo. Bí irú rẹ̀ bá wá pọ́ọ́kú lọ́wọ́ oníṣòwò, ó ṣeé ṣe púpọ̀ kó jẹ́ gíláàsì tàbí ike tí wọ́n fi ọ̀dà dídán kùn. Kò sí ohun tó burú nínú ríra ìyẹn, bí ẹ bá mọ̀ pé òun ni ẹ̀ ń rà. Ohun tó burú ni kí ẹ san owó péálì lórí ike.

Àwọn àyẹ̀wò kan wà tí ẹ lè ṣe níwájú obìnrin náà, bó bá gbà fún yín. Ẹ fi hóró kan ra etí eyín iwájú yín jẹ́jẹ́: péálì tó ti inú ìkarahun jáde yóò ṣe yín bí ẹni pé iyanrìn kíkúnná wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n gíláàsì àti ike yóò máa yọ̀. Èyí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jùyẹn lọ ni ihò tí okùn gbà kọjá. Ìlú tí wọ́n ti fi ọwọ́ lu òkúta pupa di ìlẹ̀kẹ̀ lántànà ni ìlú wa, nítorí náà kò yẹ kí ojú ti ọmọ Ìlọrin láti sọ fún ọlọ́jà pé kó dúró kí òun yẹ ihò wò. Lára ayédèrú, ẹ óò rí i pé ọ̀dà ti ń ṣí kúrò létí ihò, tí gíláàsì tàbí ike funfun sì ń yọjú lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí kókó tí wọ́n ta láàárín hóró kọ̀ọ̀kan tàn yín, nítorí pé wọ́n ń ta irú kókó bẹ́ẹ̀ sí ayédèrú náà.

Bí ó bá ti dá yín lójú pé gidi ni èyí kékeré, ẹ wá wo dídán rẹ̀. Ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, kí ẹ wò ó bóyá àwòrán fèrèsé náà yóò hàn kedere lójú hóró. Bí àwòrán náà bá hàn kedere, péálì náà dára. Bí ó bá ṣe bàìbàì, ẹ jẹ́ kí owó rẹ̀ wálẹ̀. Èmi yóò mú kékeré tó ń dán ju ńlá tó ṣú lọ, láìka ohun tí ẹnikẹ́ni bá wí sí. Ẹ má ka lẹ́tà A mẹ́ta (AAA) tí wọ́n máa ń kọ sára páálí láti fi hàn pé ọjà dára jù sí pẹ̀lú, nítorí pé kò sí ìwọ̀n kan tí gbogbo ayé fẹnu kò lé lórí. Oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ló ń fún ọjà tirẹ̀ ní lẹ́tà. Kí obìnrin náà kọ ọ́ sínú rìsíìtì bóyá péálì òkun ni tàbí ti odò, àti bóyá wọ́n pa á láró. Bó bá kọ̀ láti kọ ọ́, ẹ dá ọjà rẹ̀ padà fún un.

Ìbéèrè: Olóòtú, nínú Súúrátù Rahmán ni a ti ń kà pé láti inú òkun méjèèjì ni lúlú, ìyẹn péálì, àti iyùn ti ń jáde. Àwọn ọmọ kéú mi bi mí bí iyanrìn ṣe ń di péálì, mi ò rí i ṣàlàyé. Mo tún gbọ́ pé ènìyàn ló ń ṣe gbogbo péálì ayé òde òní. Ṣé kò wá sí gidi mọ́ nìyẹn? (Álífá kan, Ọ̀fà)

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, Álífá. Iyanrìn kọ́ ló sábà máa ń fà á. Kòkòrò afòmọ́ tó gbẹ́nú ẹran omi oníkarahun ni, tàbí ọgbẹ́ tó jẹ́ kí díẹ̀ lára awọ tó ń ṣe ìkarahun já wọ inú ẹran ara rẹ̀. Awọ yìí yóò di àpò kékeré, yóò sì máa bá iṣẹ́ tó mọ̀ lọ: yóò máa tú èròjà ìkarahun jáde, ìpele tín-ín-rín lórí ìpele, títí hóró yóò fi dì. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní kálísíọ̀mù kábónéètì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó wọ inú àwọn ìpele wọ̀nyí, tó sì ń ta padà, ni kì í jẹ́ kí dídán péálì jọ ti ọ̀dà.

Láyé àtijọ́, àwọn òmùwẹ̀ ilẹ̀ Bahrain àti àwọn aládùúgbò wọn ń wá a nísàlẹ̀ òkun, ọ̀pọ̀ ìkarahun tí wọ́n ń là sì ṣófo. Ní ọdún 1893 ni Kokichi Mikimoto ní Jàpáánù kórè péálì ọ̀sìn, tí ó rí bí ìlàjì rogodo. Nígbà tó yá ni èyí tó rí rogodo tán dé. Ohun tí àwọn ọlọ́sìn ń ṣe ni pé wọ́n á la ara ẹran náà díẹ̀, wọ́n á fi hóró kékeré kan sí i, èyí tí wọ́n sábà máa ń gé lára ìkarahun odò Mississippi ní Amẹ́ríkà, wọ́n á fi ègé awọ tì í, wọ́n á sì dá a padà sómi fún oṣù tàbí ọdún. Ènìyàn ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹran omi ló parí rẹ̀. Gidi ni péálì ọ̀sìn. Ẹ̀rọ ẹ́síréè nílé àyẹ̀wò ló ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àdánidá. Eyín kò lè ṣe é. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín lọ́jà pé àdánidá ni tòun, kó mú ìwé àyẹ̀wò jáde.

Ní ti oríṣi, Akoya ti Jàpáánù kì í sábà ju mìlímítà 9 lọ, ó funfun, ó sì ń dán gan-an. Èyí tó tóbi jù, funfun tàbí aláwọ̀ wúrà, ń wá láti Ọsirélíà, Indonéṣíà àti Fílípìnì. Dúdú ti Tahiti ń jáde láti ara ẹran tí etí ìkarahun rẹ̀ dúdú. Ti odò Ṣáínà ló pọ̀ jù lọ́jà, tí owó rẹ̀ sì rọjú, nítorí pé ẹran kan ṣoṣo lè gbé ju 20 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Awọ nìkan ni wọ́n sì sábà ń fi sí i, kì í ṣe hóró. Bí ẹnikẹ́ni bá ta péálì odò dúdú kirikiri fún yín, wọ́n ti pa á láró ni.

Ìbéèrè: Péálì tí ọkọ mi rà fún mi ti ṣú. Ṣé ọṣẹ lè fọ̀ ọ́? (Ìyá Ìbejì, Òmù-Àrán)

Ìdáhùn: Bí ó bá jẹ́ ìdọ̀tí òógùn, aṣọ rírọ̀ tí ẹ fi omi lásán rẹ díẹ̀ yóò nù ún kúrò. Bí ó bá sì jẹ́ pé lọ́fínńdà ló jẹ ẹ́, kò sí ohun tó lè dá ìpele náà padà. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ máa fín lọ́fínńdà kí ẹ tó wọ̀ ọ́, kí ẹ sì kọ́kọ́ bọ́ ọ bí ẹ bá ti dé láti òde. Ẹ má fi sínú ọ̀rá tí ẹ dì pa, ẹ má sì kó o pọ̀ mọ́ wúrà, torí wúrà yóò ha á lára. Bí okùn rẹ̀ bá ti dẹ̀, ẹ tètè gbé e fún ẹni tó mọ ìlẹ̀kẹ̀ sín, kó tún un sín kó tó já.