Ìgbéyàwó mi ku oṣù 3, kí ni kí n kán sójú kó lè funfun?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Aránṣọ ni mí ní Ìbàdàn, ọmọ ọdún 29. Ojú mi kì í funfun bíi ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Àwọ̀ ilẹ̀ wà lára funfun ẹyinjú mi láti kékeré, bó bá sì ti di ìrọ̀lẹ́, ojú á máa pọ́n, á máa ta mí. Oògùn ojú kan wà tí mo ń rà ní kẹ́míìsì. Tí mo bá ti kán an, kò ní pẹ́ tí ojú á fi mọ́, ṣùgbọ́n tí n kò bá kán an, ó tún ń pọ́n. Ó ti tó oṣù 7 tí mo ti ń lò ó. Ìgbéyàwó mi ku oṣù 3, mo sì fẹ́ kí ojú mi rẹwà nínú fọ́tò. Ìyá mi ní kí n máa lé tìróò. Ẹni tó máa kùn mí ní kí n ra lẹ́ǹsì aláwọ̀. Èwo ni kí n ṣe? Mo gbàgbé láti sọ ọ́: bàbá mi ní glaucoma, àìsàn ojú tó lè fọ́ni lójú, ó pẹ́ tó ti ń kán oògùn sí i.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra ìgbéyàwó, arábìnrin mi. Ọlọ́run á jẹ́ ká bá yín jó. Gbólóhùn tí ẹ fi parí ìbéèrè yín ló gbà mí lọ́kàn jù, ibẹ̀ ni màá sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ní glaucoma kò gbọdọ̀ máa dá oògùn ojú rà. Ẹ má kán ti kẹ́míìsì yẹn mọ́. Ẹ má sì jù ú nù. Ẹ fi ìgò rẹ̀ sínú báàgì, kí ẹ gbé e lọ fún dókítà ojú láàárín ọ̀sẹ̀ yìí.

Ẹ wo orúkọ tí wọ́n kọ wínníwínní sára ìgò náà. Oríṣi oògùn méjì ló sábà máa ń mú ojú pípọ́n mọ́ kíákíá. Bí ẹ bá rí naphazoline tàbí tetrahydrozoline, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ojú pọ̀, kí pípọ́n wọn má baà hàn síta. Bí agbára rẹ̀ bá ti tán, àwọn iṣan náà á tún fẹ̀. Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́, wọ́n á máa fẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ojú á pọ́n sí i, olúwarẹ̀ á sì tún sáré padà sídìí ìgò. Ó jọ ohun tí ẹ ròyìn gan-an.

Oríṣi kejì ló ń bà mí lẹ́rù. Bí ẹ bá rí dexamethasone, betamethasone tàbí prednisolone, steroid nìyẹn, oògùn tó ń dín wíwú àti pípọ́n kù. Oògùn gidi ni, àwa náà ń lò ó fún aláìsàn, ṣùgbọ́n à máa ń ka ọjọ́ fún un, a sì máa ń yẹ ẹyinjú wò bó ṣe ń lò ó. Omi kan wà nínú ẹyinjú tó yàtọ̀ sí omijé. Ojoojúmọ́ ló ń sun, ojoojúmọ́ ló sì ń gba ihò wẹ́wẹ́ jáde. Steroid lè dí ihò wọ̀nyẹn. Omi á kún inú ẹyinjú, á máa fún iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ mọ́lẹ̀, iṣan náà á sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Glaucoma nìyẹn. Kì í sábà dunni rárá. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló máa ń kọ́kọ́ ṣú. Àárín á ṣì mọ́lẹ̀ kedere. Aránṣọ á ṣì máa ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, kò sì ní mọ̀ pé nǹkan ń bàjẹ́. Èyí tó bá ti lọ nínú ìríran yẹn, a kò ní oògùn tó ń dá a padà, iṣẹ́ abẹ pàápàá kì í dá a padà.

Steroid kì í ṣe gbogbo èèyàn báyìí. Àmọ́ ọmọ ẹni tó ní glaucoma wà lára àwọn tó tètè máa ń ṣe. Ìwádìí ìfọ́jú tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú 100 èèyàn tó ti lé ní ọdún 40, nǹkan bíi 5 ló ní glaucoma, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò sì mọ̀ rí pé àwọn ní in. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó síwájú mi nígbà kan, ojú yíyún ló sún un dé ìdí irú ìgò bẹ́ẹ̀, ọdún 2 ló fi kán an. Ó ní àga ni òun kàn ń kọ lù nílé, òun rò pé àìfarabalẹ̀ ni. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́ fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín báyìí.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ẹwà kàn. Àwọ̀ ilẹ̀ tí ẹ ní ó wà lára ẹyinjú yín láti kékeré, àìsàn kọ́. Ohun tó ń mú kí awọ wa dúdú náà ló ń wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ló sì ní in. Oògùn kankan kò lè fọ̀ ọ́ kúrò, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kí ẹ máa fọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ni àmì dúdú ti yọ láìpẹ́ tó ń tóbi sí i, ìyẹn yẹ fún àyẹ̀wò. Bí funfun ojú bá ṣàdédé di àwọ̀ ìyeyè bí àtàlẹ̀ pupa, ẹ má dúró ní kẹ́míìsì rárá, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, nítorí ẹ̀dọ̀ lè ní ọwọ́ nínú irú ìyẹn.

Ní ti pípọ́n ìrọ̀lẹ́, mo rò pé iṣẹ́ yín ló ń fà á. Bí a bá tẹjú mọ́ nǹkan, yálà abẹ́rẹ́ ni tàbí fóònù, a kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ. Omijé tó ń rin ojú á gbẹ, ojú á máa ta, á sì pọ́n. Ẹ tún wo fáànù: ṣé ojú yín gan-an ló kọ sí? Ẹ yí i sí ẹsẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tó ń rú èéfín lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ẹ gbé e jìnnà. Bí 20 ìṣẹ́jú bá ti kọjá lórí ẹ̀rọ, ẹ gbójú sókè, ẹ wo ohun tó wà lódìkejì títì fún nǹkan bíi 20 ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ sì máa rọra ṣẹ́jú. Tí ẹ bá rí i pé ẹ̀ ń na aṣọ jìnnà kí ẹ tó rí ojú òwú, tàbí tí orí ń fọ́ yín lálẹ́, ó lè jẹ́ pé jígí ojú ni ẹ nílò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ. Bí ẹ bá gun ọ̀kadà, ẹ lo jígí tó ń bo ojú, pàápàá nígbà ọyẹ́. Eruku àti oòrùn wà lára ohun tó ń mú kí ẹran hù sójú ọ̀pọ̀ èèyàn nílẹ̀ wa.

Bí ojú bá ń yún yín, ẹ má fi ọwọ́ ra á. Ẹ rẹ aṣọ mímọ́ sínú omi tútù, ẹ fún un, kí ẹ fi bo ojú tí ẹ dì pa fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó máa ń tù mí nínú láti rí bí èyí ṣe ń ran àwọn èèyàn lọ́wọ́ láìná kọ́bọ̀. Ẹ má fi omi ṣúgà, omi iyọ̀, ọmú abiyamọ tàbí ìtọ̀ sí i. Nígbà tí Àpólò bá jà, tí orúkọ rẹ̀ ti wá láti ọdún 1969 tí ọkọ̀ Apollo 11 gúnlẹ̀ sórí òṣùpá, irú omi wọ̀nyí ni àwọn èèyàn máa ń dà sójú ọmọ, tí kòkòrò mìíràn á sì tún gba ibẹ̀ wọlé.

Ìyá yín fẹ́ kí ẹ rẹwà, mo sì mọ̀ pé tìróò ti wà láyé àwọn ìyá ìyá wa. Àmọ́ òkúta tí wọ́n ń lọ̀ ṣe ojúlówó rẹ̀, òjé (lead), tó jẹ́ májèlé, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní Boston, ní 2011, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìkókó kan tí ìdílé rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Tìróò tí wọ́n ń lé fún un, òjé kó ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Òjé kì í ṣe ohun tí a ń fi sí ara ọmọ, torí náà tí Ọlọ́run bá fi ọmọ jíǹkí yín, ẹ bá wa pa á mọ́ kúrò lójú rẹ̀. Fún ọjọ́ ìgbéyàwó, pẹ́ńsù ìkunjú tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ lára ni kí ẹ lò, kí ẹ má sì yá ti ẹlòmíràn. Lẹ́ǹsì aláwọ̀ tí wọ́n ń tà láìwọn ojú ẹni, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà á. Ọgbẹ́ tí irú lẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ ń dá sára awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú lè fi àpá sílẹ̀ títí ayé. Láṣì kò burú fún ọjọ́ kan, bí ẹ bá yọ ọ́ kí ẹ tó sùn, tí ẹ sì fọ gbogbo ìkunjú kúrò pátá.

Oúnjẹ tó dára fún ojú kò ní wàhálà: ẹ̀fọ́, ẹyin, ẹ̀dọ̀, kárọ́ọ̀tì àti epo pupa. Bí ẹ bá ń yọ́ epo títí tó fi funfun, èròjà tó wúlò fún ojú ti bá a lọ.

Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ bàbá yín fún dókítà kó tó bi yín. Ẹ ní kó wọn ìfúnpá inú ẹyinjú yín, kó sì wo iṣan ẹ̀yìn ojú. Bó bá jẹ́ pé gbígbẹ ni ojú yín gbẹ, ó lè kọ omijé àtọwọ́dá fún yín, oṣù 3 sì tó fún ojú láti balẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín ọmọ bàbá yín náà, ẹ pè wọ́n kí ẹ jọ lọ.