Èsì: Ṣé lóòótọ́ ni èèyàn lè fi gbogbo ọkàn wá Ọlọ́run?

Ẹ kú ìbéèrè yìí o. Ẹ ní ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fi ohun tó torí ẹ̀ dá yín hàn yín, ẹ ò sì tíì gbọ́ nǹkan kan. Ó yé mi, mo ti wà níbẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ "fi gbogbo ọkàn wá mi" tí ẹ tọ́ka sí, ní Jeremáyà 29:13, inú lẹ́tà ló wà. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Jerúsálẹ́mù lọ sí Bábílónì ni wòlíì Jeremáyà kọ ọ́ sí. Ẹ wá wo ẹsẹ 5 sí 7: kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n fẹ́yàwó, kí wọ́n tún máa gbàdúrà fún ìlú tó kó wọn lẹ́rú gan-an. 70 ọdún sì ni Ọlọ́run sọ pé ó máa kọjá kí òun tó dá wọn pa dà sílé! Ọlọ́run ò ní kí wọ́n káwọ́ lẹ́rán.

Ibẹ̀ lojú mi ti là. Iṣẹ́ ńlá ni mò ń wá, mi ò wá Ọlọ́run fúnra rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jí kí ilẹ̀ tó mọ́, màá fi fóònù sílẹ̀ ní yàrá kejì, màá ka sáàmù kan ṣoṣo, màá sì dákẹ́. Díẹ̀díẹ̀ lọkàn mi ń rọ̀. Ìyá àgbàlagbà kan wà nítòsí mi tí ojú rẹ̀ ò ríran mọ́, tí mo máa ń ka Bíbélì fún. Mo ti ń ṣe é tipẹ́, mi ò kà á sí iṣẹ́ Ọlọ́run rárá.

Ẹ mú Sáàmù 63 láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ fẹnu kà á, ẹ má kánjú.