Ilẹ̀ Yàrá Tó Fì: Ẹ Wo Abẹ́ Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Da Kankéré

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé àtijọ́ tí ilẹ̀ yàrá rẹ̀ jẹ́ pákó ni mo rà. Ilẹ̀ yàrá kan fì sí ọ̀dọ̀ ògiri ìta débi pé bí bọ́ọ̀lù bá bọ́, ẹsẹ̀ ògiri ló ń yí lọ. Bíríkìlà ní kí n da kankéré lé e kó lè tẹ́jú. Ṣé kí n gbà?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà. Kankéré tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5 wúwo tó nǹkan bí 120 kìlógíráàmù lórí mítà kan níbùú àti lóòró. Ibi tí ilẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù ni yóò sì ti nípọn jù, ìyẹn ni pé ibi tí igi tó gbé pákó ilẹ̀ ró ti rẹ̀ jù lẹ ó di ẹrù lé.

Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Rọ́bà tó mọ́ gaara tí bíríkìlà ń rọ omi sí ti tó. Ẹ máa wọn mítà kan sí mítà kan, kí ẹ sì kọ ohun tẹ́ ẹ bá rí sórí àwòrán yàrá náà. Bó bá jẹ́ àárín ló rì, igi ìdábùú tàbí òpó abẹ́ rẹ̀ la máa ń fura sí. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri, bíi tiyín, ẹ wo orí igi tó wọnú ògiri, lẹ́yìn náà ẹ wo ìpìlẹ̀.

Ẹ ṣí pákó méjì mẹ́ta lẹ́bàá ògiri náà, kí ẹ fi ẹnu sùkúrúdíráfà gún igi. Bó bá wọlé ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ láìlo agbára, igi ti jẹrà. Ẹ wò ó bóyá ipa ikán wà lára ògiri. Igi kì í ṣàdédé jẹrà, omi ló ń bà á jẹ́: gọ́tà tó ń jò, páìpù tó sán, tàbí yẹ̀pẹ̀ ìta tó ga dí ihò atẹ́gùn. Ẹ dá omi náà dúró ná, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ igi tuntun á jẹrà bíi ti àtijọ́.

Ṣé ilé ṣì ń rì? Ẹ yọjú wo inú ibi tí ògiri ti sán. Bí ọ̀dà àtijọ́ bá ti wọ inú rẹ̀, ó ti pẹ́. Bí etí rẹ̀ bá mú tó sì mọ́, kò tíì pẹ́. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ kọ déètì, kí ẹ sì máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù fún ọdún kan. Bó bá ń fẹ̀ sí i, ẹnjiníà lẹ nílò, kì í ṣe káfíńtà.

Bó bá jẹ́ igi nìkan ló bàjẹ́, ẹ gé èyí tó jẹrà kúrò. Ẹ fi igi tuntun tí gíga rẹ̀ bá ti àtijọ́ dọ́gba lẹ̀ mọ́ ọn, kó gba ara igi tó ṣì dára kọjá ní mítà 1, ó kéré tán. Ẹ fi gúlúù sí i, kí ẹ sì fi bóòtù 12 mílímítà dè é, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ní sẹ̀ǹtímítà 40 síra wọn. Orí igi tuntun gbọ́dọ̀ jókòó sórí ògiri fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rá tó nípọn lábẹ́ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Káfíńtà mi ní òun lè fi jáàkì gbé ilẹ̀ tó rì sókè lọ́jọ́ kan.

ÌDÁHÙN: Ó lè gbé e, ṣùgbọ́n ògiri á sán, páìpù á já. Mílímítà 3 lọ́sẹ̀ kan ti tó. Jáàkì onísúkúrù ni kó lò, lórí pákó tó fẹ̀ tó sì nípọn, torí jáàkì tó ń lo ọ́ìlì máa ń rọra sọ̀ kalẹ̀ bó bá pẹ́ lábẹ́ ẹrù. Bí ilẹ̀kùn bá ti ń há, kó dúró níbẹ̀, bí ilẹ̀ kò tilẹ̀ tíì tẹ́jú tán.