Kí ló dé tí rẹ́kítífáyà ọ̀kadà mi kì í pẹ́ jóná?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀kadà ni mo ń gùn ní Ìkòròdú, láti Ìgbógbò sí Sábó. Láàárín oṣù mẹ́sàn-án, rẹ́kítífáyà mẹ́ta ni mo ti rà, kọ́ìlì náà sì ti jó lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ tí mo fọwọ́ kan rẹ́kítífáyà, ṣe ló ń jó mi lọ́wọ́. Mo ti fi ọ̀rá wé e kí òjò má bàa wọ̀ ọ́. Mo ti pààrọ̀ gílóòbù iwájú sí LED kí iṣẹ́ rẹ̀ lè dín kù, síbẹ̀ kò gbọ́. Mẹkáníìkì mi ní páàtì òde òní ni kò dáa. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kú ìnáwó. Ayédèrú páàtì wà lóòótọ́, màá dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n mẹ́ta kì í jó tẹ̀lé ara wọn bí kò bá sí ohun tó ń dáná sun wọ́n, ìwọ fúnra rẹ sì ti dárúkọ ọ̀kan: ọ̀rá yẹn.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ooru ti ń wá. Mágínẹ́ẹ̀tì ló ń yí ká kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí wọ́n wé jọ, tí iná fi ń jáde. Mágínẹ́ẹ̀tì kò ní ibi tí a ti ń pa á. Bí ẹ́ńjìnì bá ti ń ṣiṣẹ́, yóò máa pèsè iná, o nílò rẹ̀ o, o ò nílò rẹ̀ o. Iná ọ̀hún ń lọ ó ń bọ̀, bátìrì kò lè gbà á bẹ́ẹ̀. Rẹ́kítífáyà ló ń sọ ọ́ di iná tó kọjú sápá kan, òun náà ni kì í jẹ́ kó kọjá nǹkan bíi 14.5 fólítì. Báwo ló ṣe ń dá a dúró? Wo bọ́ọ̀hó tí kò ṣeé pa, tí táńkì sì ti kún: páìpù kan ni wọn yóò fi máa da omi tó ṣẹ́kù padà sínú kànga. Ẹ̀rọ kò sinmi rárá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni rẹ́kítífáyà tó wà lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà wa ń ṣe. Ó ń so wáyà kọ́ìlì pọ̀ mọ́ra, iná tí kò ríṣẹ́ ṣe á padà sínú kọ́ìlì, á sì di ooru lára àwọn méjèèjì.

Ìdí nìyí tí LED kò fi gbà ọ́. Iná tí gílóòbù àtijọ́ ń jẹ, rẹ́kítífáyà ló ń dà á nù báyìí. Mi ò ní kí o yọ ọ́ o, ó ń mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn àìsàn yìí.

Nítorí náà, kí rẹ́kítífáyà gbóná kì í ṣe àrùn. Kó má rí ibi tú ooru náà sí ni àrùn. Àwọn ìlà gíga-gíga tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́, atẹ́gùn ni wọ́n ń wá. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ kì í sábà fara da ju 125 sí 150°C lọ. O wá fi ọ̀rá wé e, amọ̀ pupa ọ̀nà Ìgbógbò á tún lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Òjò kọ́ ni ọ̀tá rẹ̀: gọ́ọ̀mù líle ni wọ́n fi dí inú rẹ̀. Ẹnu wáyà rẹ̀ ni omi ń bà jẹ́.

Ẹnu wáyà yìí gan-an ni mo sì fẹ́ kí o fojú sí. Tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀daràn kan ṣoṣo nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun ni màá mú. Fa sọ́kẹ́ẹ̀tì tó so kọ́ìlì pọ̀ mọ́ rẹ́kítífáyà yọ, kí o wo inú rẹ̀. Bí ike rẹ̀ bá ti di pupa rẹ́súrẹ́sú, tàbí tó ti yọ́, tàbí tí irin inú rẹ̀ hu ìpáàtà, o ti rí i. Ká ní irin náà ń dí iná lọ́wọ́ ní ìwọ̀n 0.5 óòmù péré, tí 8 áńpìà sì ń gbà á kọjá: 8 lọ́nà 8 lọ́nà 0.5, wáàtì 32 nìyẹn. Irin tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń jó lẹ́ẹ̀dì kì í fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ wá gbé e sínú ike! Wọ́n ti ti ọ̀kadà kan wá bá mi láti Èbúté rí, wọ́n ti pààrọ̀ gbogbo nǹkan lára rẹ̀. Wáyà tí ẹnì kan fọwọ́ lọ́ pọ̀ tó wé tépù mọ́ ni mo gé dànù, tí mo jó lẹ́ẹ̀dì sí i. Kò tún padà wá. Lílọ́ wáyà tí a ń lọ́ yìí, àwa oníṣẹ́ náà jẹ̀bi rẹ̀.

Bátìrì ńkọ́? Bí ihò kan nínú rẹ̀ bá kú, á máa fa iná láìyó, inú rẹ́kítífáyà náà ni gbogbo iná yẹn yóò sì máa gbà kọjá. Àwọn kan tilẹ̀ ń yọ bátìrì kúrò, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ ta ọ̀kadà. Iná kò wá rí ohun tí yóò mú un rọlẹ̀, á máa ta kìjí-kìjí lu rẹ́kítífáyà àti gílóòbù.

Ní ti kọ́ìlì, bí tìrẹ bá jẹ́ èyí tó ń gbé inú ọ́ìlì, ọ́ìlì náà ló ń tù ú. Tó bá lọ sílẹ̀ tàbí tó dúdú jù, kọ́ìlì á máa yan. Àwọn onímọ̀ iná ní ìṣirò kan: 10°C tí ooru bá fi ju ìwọ̀n lọ máa ń gé ẹ̀mí ohun tí wọ́n fi bo wáyà sí ìlàjì.

Ayédèrú wà ṣá. Gbé méjì dání pọ̀: èyí tó fúyẹ́ bíi páálí, tí ìlà ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú, má rà á.

Yá mítà, kò wọ́n. Láàárọ̀ kí o tó tan ọ̀kadà, bátìrì tó pé yẹ kó fi bíi 12.6 fólítì hàn. Tan án, yí tọ́tù díẹ̀: ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.6. Bó bá kọjá 15, bátìrì ń hó, rẹ́kítífáyà ti bàjẹ́. Bí kò bá kúrò ní 12, iná kò wọlé. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́, tan iná iwájú, kí o fi ọwọ́ mítà kan kan orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, kí o fi èkejì kan wáyà áàtì rẹ́kítífáyà, èyí tí wọ́n dè mọ́ férémù. Kò yẹ kó ju 0.2 fólítì lọ. Ṣe bákan náà ní apá pọ́sítíìfù. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, há ọ̀dà kúrò níbi tí wọ́n ti dè é mọ́ férémù, kí o sì pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá jù bẹ́ẹ̀, tí bátìrì sì yè, gbé e wá ká tú kọ́ìlì wò. Ṣùgbọ́n yọ ọ̀rá yẹn lónìí, kí o sì ra sọ́kẹ́ẹ̀tì kí o tó ra rẹ́kítífáyà kẹrin.